"Kí wọ́n lọ bá àwọn tí wọ́n dìbò fún"

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo tẹ̀lé ọmọ aládùúgbò mi kan lọ sí káńsù láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú, torí wọ́n ní láìsí ìwé yẹn, kò lè rí owó ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Ìbàdàn níbí ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Bó bá ń bínú, èdè Ìbàdàn ló fi ń bínú. Ọmọ Nsukka nílẹ̀ Ìgbò ni bàbá rẹ̀, ó sì ti ń gbé àdúgbò wa láti 1984. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì, ọmọ tí mo lè bí, wo orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù, ó tì í padà. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ bá àwọn tí wọ́n dìbò fún."

Ẹni ọdún 17 ni ọmọ náà! Kò tíì dìbò rí láyé rẹ̀. Ta ló sọ ẹni tí bàbá rẹ̀ dìbò fún fún akọ̀wé yẹn? Orúkọ lásán ló kà tó fi mọ ẹgbẹ́ tí gbogbo ilé wọn wà.

Láti ìdìbò 2023 lọ̀rọ̀ yìí ti le sí i. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún yẹn, bí wọ́n ṣe ń fi ojú àti orúkọ lé èèyàn kúrò nídìí àpótí ìbò. Àwọn aláṣẹ wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ní 2024 wọ́n dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà, gbogbo wa ń kọ ọ́. Ta ni orin yẹn ti bá gba ìwé ní káńsù?

Kì í sì í ṣe Ìgbò nìkan. Nígbà tí ìrẹsì ìrànwọ́ dé wọ́ọ̀dù wa, àwọn tó ní káàdì ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pè. Ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, kò rí kóńgò kan gbà, torí ọmọ rẹ̀ lẹ pósítà ẹgbẹ́ kejì mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún un: kó lọ bá àwọn tó dìbò fún.

Èmi gan-an, ọmọ Ìwó ni mí. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni ìjọba Babangida yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Mo sùn ní ọmọ onílé, mo jí ní àlejò, n kò sì kúrò lójú kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba dẹrù, wọ́n gba Òṣogbo lọ. Yorùbá sí Yorùbá nìyẹn o.

Bẹ́ẹ̀, a ti ṣe dáadáa jù báyìí lọ rí. Umaru Altine, Fúlàní láti Sókótó, ló jẹ́ méyọ̀ àkọ́kọ́ ní Enúgu ní 1956. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, àwọn ará Kánò fi Bashir Tofa, ọmọ ìlú wọn, sílẹ̀, wọ́n dìbò fún Abíọ́lá. Níbí gan-an, Adégòkè Adélabù kó èrò Ìbàdàn sẹ́yìn NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí wọ́n pa "ìpínlẹ̀ tí o ti wá" rẹ́ nínú gbogbo fọ́ọ̀mù ìjọba, kí wọ́n kọ "ibi tí ò ń gbé" sí i. Ẹni tí wọ́n bí sí ìlú kan, ọmọ ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 10, tó ń san owó orí, ọmọ ibẹ̀ ni. Kó mú rìsíìtì owó orí wá, kí alága àdúgbò fọwọ́ sí i, ó parí. Bàbá ọmọ yìí ń san owó ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba owó yẹn, wọn kì í béèrè ìlú tó ti wá, wọn kì í sì í ní kó lọ san án fún àwọn tó dìbò fún! Abala 15 nínú ìwé òfin 1999 ti ní kí ìjọba fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibikíbi nílẹ̀ yìí. Àmọ́ orí kejì ni wọ́n fi í sí, ìwé òfin kan náà sì ní ilé-ẹjọ́ ò lè dá sí ọ̀rọ̀ orí kejì. Kí àwọn aṣòfin tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Abala 42 sì wà, tó ní a kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀yà tàbí èrò òṣèlú rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣé àwọn akọ̀wé káńsù ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí?

Ìrẹsì ìrànwọ́, kí wọ́n máa pín in láti ojúlé dé ojúlé. Kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà sì yé fi èébú ẹ̀yà ṣe ètò àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ owó náà pa. Ìwé ìbí ọmọ yìí wà lọ́wọ́ mi, a sì ti ya fọ́tò tuntun. Lọ́jọ́ Ajé, láago mẹ́jọ àárọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ á tún dúró níwájú tábìlì yẹn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.