Ẹ Kọ Nípa Àwọn Tó Ń Bá Ẹkùn Gbé Náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ìròyìn yín lórí ẹkùn Nepal ló mú mi gbé kálàmù. Ẹ ní 121 ni wọ́n kà lọ́dún 2009, tó sì di 355 lọ́dún 2022. Òótọ́ ni. Àmọ̀tẹ́kùn ni ẹ wá gbé àwòrán rẹ̀ sí i! Ẹkùn abilà là ń wí, kì í ṣe alámì tótòtó.

Ilà yẹn gan-an ni wọ́n fi ń kà wọ́n. Wọ́n á de kámẹ́rà méjì kojú ara wọn lójú ọ̀nà nínú igbó, kó lè ya ẹkùn lápá ọ̀tún àti lápá òsì bó bá ti ń kọjá, torí ilà ara ẹkùn kan kò jọ ti òmíràn, bí ìtẹ̀ka ọwọ́ èèyàn. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í gbà mí gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá Chitwan, igbó ọba tí ẹkùn ń gbé ní Nepal, ńkọ́? Ẹkùn ń pa wọ́n, ó ń pa ẹran ọ̀sìn wọn. Òfin ibẹ̀ ní kí ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún igbó náà padà sọ́dọ̀ àwọn ará agbègbè náà. Ìyẹn ni ìbá wù mí kí ẹ kọ nípa rẹ̀: ta ló ń gbà á, kí ni wọ́n fi ń ṣe?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín àtijọ́