Orin tí ẹ̀gbọ́n kọ fún àbúrò

Liverpool,
15 oṣù Karùn-ún, 2023.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi. Má bínú, iṣẹ́ alẹ́ ni ò jẹ́ kí n rójú. Mo ti kó kúrò ní yàrá ọjọ́sí, mo sì ti yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Eurovision ni kó o gbọ́, ìdíje orin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù máa ń ṣe lọ́dọọdún! Ìlú wa níbí ni wọ́n ti ṣe é ní Sátidé. Ukraine ló yẹ kó gbàlejò, torí àwọn ló gbégbá orókè lọ́dún tó kọjá, ogun ni ò jẹ́. Màmá tí mò ń tọ́jú ti fi rúlà fa ìlà sínú ìwé láti àárọ̀, orílẹ̀-èdè 26, ó ń fún kálukú ní máàkì bíi tíṣà ìṣirò wa, ojú líle náà nìyẹn. Ọmọ Finland tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé lòun fẹ́. Àwọn tó ń wò ó nílé dìbò fún un ju gbogbo wọn lọ, àfi bí àwọn adájọ́ ṣe kó máàkì lé Loreen ti Sweden lọ́wọ́. Ó fi 583 na 526. Màmá fi pẹ́ńsùlù lélẹ̀, ó ní òjóró ni! Mo ní Màmá, ẹ dúró ná, kí n ròyìn ìdìbò ilé wa fún yín. Loreen yìí ti gbà á rí ní 2012 o. Àwa tá a gbàlejò, ipò 25 la wà. Má bi mí.

Kó tó sùn, ó ní kí n fi ti 2017 han òun lórí fóònù, Salvador Sobral, ọmọ Portugal. Kò sí oníjó, kò sí iná, ó kàn ń fọwọ́ ṣe bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Luísa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló kọ orin náà fún un. Àìsàn ọkàn ń bá a fínra nígbà náà, Luísa ló ń dúró dípò rẹ̀ lórí pèpéle nígbà ìgbaradì. 758 máàkì! Láti 1964 ni Portugal ti ń lọ, wọn ò gbà á rí. Nígbà tí wọ́n ní kó tún un kọ, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde: òun gbé ìlà kan, ẹ̀gbọ́n gbé ìkejì. Ọkàn ẹlòmíràn ni wọ́n wá fi sí i láyà ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Omi bọ́ lójú mi. Màmá ní ṣé mo gbọ́ Potogí ni. Mo ní òtútù ni.

Àbẹ̀kẹ́, o mọ ẹni tí mò ń sọ. Oṣù márùn-ún rèé tí kò gbé fóònù mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé mo sọ ọ́ jù. Gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, tíìkì kan ṣoṣo ló ń dúró sí. Jọ̀ọ́, tó o bá gba Gate kọjá, yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Ṣe bí ẹni fẹ́ ra súpáànà. Wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá ó ti rù, bóyá ó ṣì ń súfèé tó bá ń ka owó. Kó o wá kọ ọ́ sí mi bó ṣe rí gan-an, kódà tí kò bá dáa.

Owó súpáànà náà á dé ní Fráídè.

Èmi ni,
Áńtì Áltò tí wọ́n lé ní kúáyà