Lẹ́tà sí Màmá: Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bí yín?

Houston, Texas
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara ọmọ le, iṣẹ́ ń lọ. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ló máa ka ìwé yìí sí yín létí. Kó kà á tán, kó má fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo ti máa bá a wí.

Nígbà tí ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní àwọn àna mi ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ṣègbéyàwó ní rẹ́jísìrì, ọkọ mi ṣì wà ní Nàìjíríà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé èmi ni mi ò fẹ́ kó wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé èmi náà jẹ̀bi, torí mi ò jókòó ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni, ǹ bá ti rà á. Ìwé ni mo ń kọ, ohun tí ìwé náà sì ń bi mí, èmi nìkan ò lè dáhùn ẹ̀. Ọ̀kan níbẹ̀ kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

I-130 ni wọ́n ń pe ìwé àkọ́kọ́. Òun ni mo fi ń sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà pé ọkùnrin yìí, ọkọ mi ni. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fi ránṣẹ́ ló ń sanwó: $625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, $675 fún ẹni tó bá fi bébà ránṣẹ́. Torí mo ti di ọmọ ìlú níbí, ọkọ mi ò ní tò sórí ìlà àwọn tó ń dúró de nọ́ńbà fisa. Ọkùnrin kan tó máa ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ gbé e fún, kì í ṣe lọ́yà, ó sì gba $300 lọ́wọ́ mi. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọjọ́ ìbí ìyá mi, kò tiẹ̀ wo ojú mi, ó kọ ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1950 síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n bí gbogbo ìyá Nàìjíríà. Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Owó mi ò padà.

Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, wọ́n ń béèrè yín: orúkọ, ọjọ́ ìbí, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí yín, ìlú tí ẹ ń gbé. Wọ́n ń béèrè Bàbá náà, bí wọ́n tilẹ̀ ti sùn. Ti Bàbá ò nira, iléèwé míṣọ́ọ̀nù ti kọ tiwọn sílẹ̀. Tiyín ló dójú rú. Lọ́dún 2013 tí mo jẹ fisa lọ́tìrì, ọmọ káfé tó bá wa kọ ìwé kọ 1954 síwájú orúkọ yín. NIN yín ní 1957. Ìyá àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé oyún yín ti hàn nígbà tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà. Mo lọ wò ó. Ìparí oṣù kìíní sí àárín oṣù kejì, 1956 ló wá. Tí oyún bá ti hàn nígbà yẹn, 1956 kan náà ni wọ́n bí yín. Èèyàn mẹ́ta ni yín lórí ìwé, èyí tó wà lẹ́nu Ìyá àgbà ni mo sì gbà gbọ́ jù.

Mi ò fẹ́ parọ́. Tí mo bá sì kàn kọ 1956, wọ́n á fa ìwé 2013 yọ, wọ́n á ní èwo lèwo. Àyè wà ní ìparí fọ́ọ̀mù fún àlàyé, ibẹ̀ ni mo máa rò ó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àbúrò Ìyá àgbà tó kù: ṣé òjò ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bí yín? Ta ni wọ́n bí tẹ̀lé yín? Mi ò ní kí ẹ lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà tó.

Ti ọkọ mi náà ní wàhálà tiẹ̀. Akinwumi ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù ẹ̀, Akinwunmi ló wà nínú ìwé ìbí. "N" kan péré! Ohùn kan náà la fi ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú wọn níbí ènìyàn méjì ni. A máa kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó tún ní láti kọ gbogbo ilé tó gbé àti gbogbo iṣẹ́ tó ṣe láàárín ọdún 5, pẹ̀lú oṣù tó wọlé àti oṣù tó jáde. Ó ti ń pe àwọn láńlọ́ọ̀dù àtijọ́.

Wọ́n tún fẹ́ ẹ̀rí pé a ò ṣègbéyàwó torí ìwé. Ìwé ìbí ọmọ wà, orúkọ bàbá rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mo wá tẹ ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ lórí WhatsApp jáde, ojú ewé 40, Yorùbá látòkè délẹ̀. Òfin wọn sì ni pé ohun tí kò bá sí ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ pátá, kí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ èdè méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní Sátidé. Ó dé ibi tí ọkọ mi ti kọ "Ẹ kú ọmọ wíwò o, ìyá ọmọ mi," ó gbé bírò sílẹ̀. Kí la fẹ́ pe "ẹ kú" yẹn? Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Èyí tó kọ gbẹ̀yìn dà bí ìwé tí ọ̀gá fi ń yin ọmọ iṣẹ́. Ó wá ka iye ìgbà tí "Ṣé o ti jẹun?" wà níbẹ̀. Ó jẹ́ 61. Ó ní ẹni tó ń wá ìwé nìkan ò ní yọ èèyàn lẹ́nu tó báyìí lórí oúnjẹ. Àwọn ojú ewé kan wà tí mo yọ kúrò kó tó rí wọn. Ẹ má bi mí.

Ìwé tó kàn ni I-864. Mo ń búra níbẹ̀ pé owó mi tó láti gbọ́ bùkátà ọkọ mi, kó má baà di ẹrù ìjọba. Fún èmi, òun àti ọmọ, wọ́n ní ní 2024 yìí, owó tó ń wọlé fún mi lọ́dún gbọ́dọ̀ tó $32,275. Ó tó, pẹ̀lú iṣẹ́ alẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìkọ̀sílẹ̀ pàápàá ò lè tú ìbúra náà. Ó di ìgbà tí ó bá di ọmọ ìlú, tàbí tí iṣẹ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn bá tó nǹkan bí ọdún 10, tàbí tó bá kó kúrò níbí pátápátá, tàbí kí ikú dá sí i. Ẹ máa ń sọ fún mi pé ọkọ ló ń gbé bùkátà aya. Nígbà tí mo kà á fún un lórí fóònù, ó dákẹ́, ó pẹ́ kó tó ní, "Ó dáa, ìyàwó mi." Ojú ń tì í. Mo máa fọwọ́ sí i síbẹ̀. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún àwọn àna mi dáadáa.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé tí wọ́n bá fọwọ́ sí I-130 tán, ọ́fíìsì kan ní New Hampshire ló máa tún gba $325 àti $120, kí ọkọ mi tó ṣe àyẹ̀wò ara, kí wọ́n tó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Èkó. Ó lè ju ọdún kan lọ dáadáa.

Ìwọ àbúrò mi, fọ́tò rẹ́jísìrì tí o fi ránṣẹ́, o ti fi fóònù kun ojú wa títí a fi funfun bí ẹfun. Ojúlówó ni mo fẹ́, èyí tí Màmá àti ìyá ọkọ mi ti jọ dúró.

Màmá, ẹ pè mí ní Sunday tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá àbúrò Ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Mo ti kọ gbogbo èyí tó kù lójú ewé yẹn, àyè ọjọ́ ìbí yín nìkan ló ṣófo.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́ yín