Má Ra Ẹ̀rọ Kọfí fún Wa

Ẹ̀yìn South Gate,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọmọ Ìdànrè mi,

Ó tọ́jọ́ mẹ́ta! Ṣé dáadáa ni Jámánì wà? Ṣé òtútù ò tíì lé ọ wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì? Àwa wà níbí, à ń jà fítafìta. Iná ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ìdánwò sì ti ń kanlẹ̀kùn. Mo ti gbọ́ pé o fẹ́ ra ẹ̀rọ kọfí, kí ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Kérésì bá ọ gbé e wá fún wa. O ṣeun, àpò rẹ ò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má rà á. Ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ bí kò sí iná, kí la fẹ́ fi ṣe níbí? Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọfí tí à ń mu nílé yìí ti kúrò níbi tí o fi wá sí.

O ṣì rántí kọfí lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá tí a máa ń pò nígbà tí a bá fẹ́ kàwé mọ́jú, èyí tí ṣúgà ju kọfí lọ nínú rẹ̀? Ó ti parí. Ọmọ Kàbà tó gba yàrá rẹ ló dá nǹkan yìí sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kọfí díẹ̀ lóko. Nígbà tó ti ilé dé, ó gbé àpò kékeré kan sílẹ̀, èso tí wọ́n ti gún kúrò nínú èèpo. Àwọ̀ ewé ló ní, kò sì ní òórùn kọfí rárá. Ọmọ oníkòkó ni púpọ̀ nínú wa, a mọ bí wọ́n ṣe ń sá kòkó, ṣùgbọ́n ta ló ti fojú kan kọfí tútù rí nínú wa?

Yíyan rẹ̀ ló gba sùúrù. Agbada irin tí Màmá onílé fi ń dín àkàrà la yá, a sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn epo fi kúrò lára rẹ̀. Iná ò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá kan á jóná, apá kan á ṣì wà ní tútù. Á kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, òórùn búrẹ́dì á máa jáde, lẹ́yìn náà ni á wá máa dúdú díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tá! tá! bíi gúgúrú nínú ìkòkò. Ooru omi àti afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń fọ́ ọ, torí ooru ibẹ̀ ti ń sún mọ́ 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí títa yẹn bá ti ń rọlẹ̀, a máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, ká dà á sórí atẹ. Ẹnì kan á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹnì kan á máa gbọ̀n ọ́n kí èèpo wẹ́wẹ́ fò lọ. Ẹni tó bá dúró títí epo fi yọ dáadáa lára rẹ̀, èédú ló fẹ́ mu.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ yan án, Màmá onílé sáré jáde pẹ̀lú ìró láyà: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló gbé ẹ̀wà kaná tó sùn lọ?” A ní, “Ẹ má bínú, Mà, kọfí ni.” Wọ́n wo inú agbada, wọ́n wo ojú wa, wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù lórí wa.

A kì í mu ún lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ṣì kún inú rẹ̀, ó yẹ kó sùn mọ́jú, ó kéré tán. Lílọ̀ rẹ̀ gan-an ni wàhálà. Bí iná bá wà, ife kékeré ara bùléńdà tí wọ́n fi ń lọ nǹkan gbígbẹ là ń lò. Bí kò bá sí, odó ni. Méjèèjì kì í jẹ́ kó dọ́gba. Èyí tó kúnná jù á korò, èyí tó ṣì tóbi ò ní fi adùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi. A ò sì lè gbé e lọ bá àwọn tó ń lọ ata, àbí o fẹ́ mu kọfí oníròdó? Nítorí náà, bí owó bá ń yún ọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìlọkọfí kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni kí o rà. Ìyẹn, tọwọ́tẹsẹ̀ la máa fi gbà á.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣe kéèkì ló ni òṣùwọ̀n tí à ń lò: gíráàmù 60 sí lítà omi kan, tàbí 30 sí ìdajì lítà bí àwa mẹ́rin nìkan bá wà ńlẹ̀. Omi píọ̀ wọ́tà ni o, torí omi kànga wa, irin nìkan ló ń rùn. Bí omi bá ti hó, a máa ń ṣí i kí híhó náà rọlẹ̀ díẹ̀, a óò wá kọ́kọ́ bu díẹ̀ lé kọfí náà lórí. Wàá rí i tó wú sókè, tó ń ru. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ló ń jáde. Èyí tí kò bá wú mọ́ ti pẹ́ nílẹ̀. A óò da omi tó kù sí i, ìṣẹ́jú 4, ó parí, ó di sísẹ́.

Aṣọ ìsẹ́ògì la fi ń sẹ́ ẹ, tuntun, èyí tí kò mọ ògì rí. Má rẹ́rìn-ín mi. Ní 1908, ní Dresden, lórílẹ̀-èdè tí o wà yẹn, ìyàwó ilé kan tó ń jẹ́ Melitta Bentz lu ihò sídìí abọ́ idẹ, ó tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń fa ínǹkì nínú ìwé ọmọ rẹ̀ sí i, ó fi sẹ́ kọfí. Bí bébà ìsẹ́kọfí tí ẹ ń rà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ló wá burú nínú aṣọ ìsẹ́ògì?

Ti Kàbà yìí, irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta ni. Ó nípọn lẹ́nu, ó korò, káfíìnì rẹ̀, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica, irú kejì. Ẹnì kan ní kíláàsì wa tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Tàràbà fi arabica díẹ̀ ránṣẹ́ láti orí òkè Mambilla, níbi tó ga tó sì tutù. Èyí fẹ́lẹ́, ó kan díẹ̀, ó sì ń ta sánsán. Gbogbo wọn ní arabica lọ̀gá. Èmi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n bí mílíìkì bá ti wọ̀ ọ́, ẹ bu ti Kàbà fún mi.

Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé. A ò jẹ́ kó dalẹ́, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì káfíìnì náà ṣì lè wà lára èèyàn. Nígbà ààwẹ̀ nìkan la máa ń sún un sí ẹ̀yìn ìṣínu, nítorí àwọn tó ń gbààwẹ̀ nínú wa. A kì í gbowó. Ẹni tó ní búrẹ́dì á mú un wá, ẹni tí kò ní á fọ ife. Bí àlejò bá já lù wá, a kì í bomi lé èyí tó wà ńlẹ̀, a máa ń se òmíràn ni. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tí wọ́n dá iṣẹ́ project rẹ̀ padà, ẹni tí owó ilé ò tíì dé fún. Ẹnì kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rárá, ẹni tó jókòó síwájú wa lọ́jọ́sí. Wá gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí! Màmá onílé náà ti ní ife tiwọn. Ìdajì rẹ̀ mílíìkì ni, a ò sì lè bá wọn sọ ọ́, àwọn ló ni agbada.

O ní o ò tíì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ láti ìgbà tí o ti débẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ pé níbí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́! Kọfí gidi kún ṣọ́ọ̀bù tiyín, omi yín dára, iná ò sì ń lọ. Se é tó ife méjì, kí o kanlẹ̀kùn. Bó bá kọ̀, mu ti ẹ̀ mọ́ tìẹ, kí o tún kàn án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ Kàbà ní kí n sọ fún ọ pé wọ́ọ̀dúróòbù tí o fi sílẹ̀, òun ò dá a padà mọ́. Màmá onílé ń kí ọ, wọ́n ní ṣé o ti ń jẹun.

Èmi ni,
Ọmọ Àkókó