Lẹ́tà sí Bọ́lájí Badéjọ, ẹni tó wọ awọ Alien

Ẹ̀gbọ́n wa Bọ́lájí,

A kò pàdé rí, ẹ sì ti papòdà láti ọdún 1992, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ṣe nínú sinimá, ìyẹn Alien, fíìmù nípa ẹ̀dá abàmì kan tó ń pa àwọn èèyàn inú ọkọ̀ òfúrufú, tí Ridley Scott darí, tí wọ́n yà ní Shepperton lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, tó sì jáde ní 1979. Bí àwọn èèyàn bá ń yin fíìmù náà, Sigourney Weaver tó ṣe Ripley, akọni obìnrin inú rẹ̀, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà H. R. Giger tó ya àwòrán ẹ̀dá abàmì náà. Giger wà lára àwọn tó gba Oscar lórí rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í dá rìn. Ẹ̀yin lẹ mú kí ó rìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni yín ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí aṣojú òṣèré kan rí yín ní ilé ọtí kan ní Soho. Ẹni tó ga, tó sì tín-ínrín débi pé òǹwòran kò ní gbà pé èèyàn ló wà nínú aṣọ rọ́bà ni Scott ń wá, ọmọ Èkó tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10 kò sì ṣòroó rí láàárín èrò. Síbẹ̀, gíga nìkan kọ́. Ẹ kọ́ tai chi, eré ìdárayá àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe, àti eré aláìsọ̀rọ̀ kí ìrìn yín lè yàtọ̀ sí ti ọmọ aráyé. Orí ẹ̀dá náà bo ojú yín tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ìrù ẹ̀yìn aṣọ náà kò sì jẹ́ kí ẹ lè jókòó sórí àga, àfi ìgbà tí wọ́n so jáńgílọ́fà fún yín kí ẹ lè rí ibi sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn ibi tí ọmọ ẹ̀dá náà ti bẹ́ jáde láti àyà òṣèré John Hurt. Ó ya ni lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíá ni ìpayà rẹ̀ ń tán. Apá ìparí ni èmi máa ń tún wò, nígbà tí Ripley rò pé òun ti bọ́, tó ń múra oorun nínú ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó fi sá, tí ọwọ́ dúdú gígùn kan sì yọ láàárín páìpù ara ògiri. Kò sáré, kò fò mọ́ ọn. Ṣe ló ká ara kò síbẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹranko tí ebi ń pa tó ń lépa èèyàn yé wa. Èyí tó ní sùúrù, tó rí wa tí kò sì kà wá sí, kò yé wa, ohun tó sì ń já mi láyà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé Eddie Powell àti Roy Scammell bá yín ṣe àwọn ibi tó léwu, mo sì mọ̀ pé Scott fi òkùnkùn àti èéfín bò yín nínú fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 2. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi hàn náà tó.

Ẹ kò ṣe fíìmù mìíràn. Ẹ padà sílé, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì mú yín lọ kí ẹ tó pé ogójì ọdún. Bí mo bá ń ka àwọn òṣèré tó dẹ́rù ba aráyé, bí Boris Karloff àti Christopher Lee, mo máa ń ka yín mọ́ wọn, bí ojú yín kò tilẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àbúrò yín tí ẹ kò mọ̀.