Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Wíwọn Omi Odò Ògùn ní Láfẹ́nwá

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta,

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín o. Àwa awayanrìn, apẹja àti atukọ̀ Odò Ògùn ni a kọ ìwé yìí. Irin ìwọ̀n omi kan àti ìwé àkọsílẹ̀ kan ni a ń tọrọ, ká lè fi wọ́n yẹ àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé tí kọ̀ǹpútà ń ṣe wò bóyá ó bá ohun tí odò ń ṣe mu.

Kọ̀ǹpútà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé máa ń ṣírò òjò tó rọ̀, èyí tí ilẹ̀ mu àti èyí tó ṣàn bọ́ sódò. Bí wọn kò bá sọ fún un pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn dáàmù Ọ̀yán, tó ti wà láti 1983, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ Odò Ògùn, kò lè mọ̀. Òjò lè dá lóṣù kẹjọ, kí ìṣirò ní omi ń fà, kí odò sì máa kún.

Ẹ bá wa kan irin alámì sẹ̀ǹtímítà mọ́ òpó afárá Láfẹ́nwá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú omi títí kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí awọnlẹ̀ so àmì òdo (0) rẹ̀ mọ́ àmì gíga kan lórí ilẹ̀, torí bí ìtì igi bá gbá irin náà yẹ̀, nọ́ńbà á yí padà nígbà tí omi ò yí. Àwa la ó máa kà á ní aago méje àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí dáàmù bá tú omi, ní wákàtí wákàtí, torí omi lè kún dé góńgó lóru kó sì fà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìpíndọ́gba àṣìṣe nìkan ṣèdájọ́ àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ìṣirò bá fi 40 sẹ̀ǹtímítà ga jù lónìí, tó sì fi 40 kéré lọ́la, ìpíndọ́gba àṣìṣe á jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ omi ti gbé ọkọ̀ lọ. Kí wọ́n kọ gíga omi lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ wákàtí tó dé góńgó lọ́tọ̀.

Ìṣòro kan tún wà. Iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà ń sọ, gíga ni irin ń sọ. Yanrìn tí a ń wà ń jin ìsàlẹ̀ odò, nítorí náà gíga kan náà lè jẹ́ omi tó pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ó di dandan kí a tún wọn iye omi tó ń ṣàn ní gíga kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn òjò ọdọọdún.

Kí irin náà wà nílẹ̀ kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bá wa gba ẹ̀dà ìkéde ìtúmi dáàmù, tòun ti wákàtí rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníṣẹ́ Odò Ògùn, Láfẹ́nwá