Sí Fúnkẹ́ tí òtútù ń mú ní Jámánì

Fúnkẹ́ èmi,

Ṣé o ṣì rántí wa? Jámánì ti gbà ẹ́ lọ́wọ́ wa pátápátá. Àárò ẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá tí mo bá gba Lágere kọjá nírọ̀lẹ́ tí àwọn alágbàdo ti ń fẹ́ná. Ilé dáa, Ọláítán ti bí ọkùnrin, Wálé àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ti tú ká, má bi mí léèrè, tó o bá dé mà á sọ.

Ọ̀rọ̀ Mọmi ló gbé mi dé orí lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé CML, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn Glivec ni wọ́n sì ń gbà ní Tíṣìn Ọsibítù Ifẹ̀, tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003. Ohun tí mò ń kà fún másítà mi ló wá bá mi nínú ilé yìí o! Domain, ìyẹn àwọn abala púrótéènì, ni látàárọ̀ dalẹ́. Púrótéènì kì í ṣe odindi kan lásán, abala abala ni, abala kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀ àti ẹni tó lè dì mọ́. Abala tó ń jẹ́ SH2 nìkan, ó wà lára púrótéènì tó lé ní 100 nínú ara èèyàn, ibi tí wọ́n bá ti lẹ fọ́sífétì mọ́ tyrosine, ọ̀kan lára àwọn amino acid tí wọ́n fi to púrótéènì, ló máa ń lọ gbá mú. Tó o bá ti rí i lára èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, o ti lè méfò àwọn tó máa ń bá rìn.

Wo púrótéènì GRB2 ná, alárinà ni, kò níṣẹ́ míì: SH2 kan láàárín, abala míì tó ń jẹ́ SH3 lọ́tùn-ún lósì. SH2 di ẹnì kan mú, SH3 fa púrótéènì SOS wá, SOS jí òmíràn tó ń jẹ́ RAS, sẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Nínú àìsàn Mọmi, kúrómósóòmù 9 àti 22 ló ṣe pàṣípààrọ̀, jíìnì BCR bá lẹ̀ mọ́ jíìnì ABL, púrótéènì wọn wá di ọ̀kan. Abala iwájú BCR ń kó wọn jọ, ABL, tó máa ń lẹ fọ́sífétì mọ́ tyrosine, ò sùn mọ́, GRB2 sì ti rí tyrosine tó wà ní ipò 177 lára BCR gbá mú. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun ṣe ń pọ̀ nìyẹn. Glivec ló lọ dí ihò tí ATP, tí ABL ti ń rí fọ́sífétì gbà, máa ń jókòó sí lára ABL.

Àmọ́ Mọmi ní ara àwọn ti yá. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ wọn lánàá, mo bá odindi káàdì oògùn, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n ní èébì ló máa ń gbé àwọn. Mo ya ABL fún wọn sórí ìwé, wọ́n ní mo mà mọ̀wé o, kí n wá jẹun. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sùn lóru. Tí wọ́n bá ń fo oògùn, àìsàn yìí á padà wá, tí threonine, amino acid tó wà ní ipò 315 lára ABL, bá sì lọ di amino acid míì tó ń jẹ́ isoleucine, Glivec ò ríbi wọlé mọ́ nìyẹn. Ọjọ́ àyẹ̀wò wọn tún ti kọjá, wọn ò lọ.

Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀, ìwọ tí wọ́n ń fi ẹran pamọ́ fún. Má ní èmi ni mo sọ ọ́ o, ṣe bí ẹni pé o ṣèèṣì bi wọ́n ni. Àárọ̀ Sátidé ni kó o pè, kí wọ́n tó lọ sọ́jà, torí tó bá ti di ọ̀sán wọn ò ní gbé e.

Ṣèyí ẹ